Ọjọ́ Kan Nínú Ọgbà Àjàrà: Bí A Ṣe Lọ Jẹ, Tí A Lọ Mu ní Bryan, Tí A sì Rántí Ẹmu Bàbá

  Ẹni tó bá ti lo oṣù Keje kan ṣoṣo ní Houston, kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé ooru fún un mọ́.

Àwa méjì la jọ kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Tọkọtaya ni wá. Ọkọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì ní ìrọ̀lẹ́. Aya ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òru ni wọ́n sì sábà máa ń fi ìdánrawò rẹ̀ sí ní ilé ìwòsàn. Bí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì ń jáde. Ìwé pélébé tí a ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀: "Ìrẹsì wà nínú ìkòkò." "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé owó iná." "Bàbá pè láti ilé, ẹ pè wọ́n padà." Ní ọjọ́ kan a ka àwọn ìwé náà, wọ́n lé ní 20, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ọjọ́ náà la pinnu pé a óò ya Sátidé kan sọ́tọ̀. A kò ní mú ìwé dání, a kò ní ṣiṣẹ́, a óò jẹ, a óò mu, a óò sì wo ojú ara wa.

Níbo la óò wá lọ? Àwọn olówó ayé a máa lọ sí ìgbèríko Ítálì, wọn a jókòó sábẹ́ igi, wọn a máa jẹ wàràkàṣì, wọn a sì máa fi wáìnì lé e láti ọ̀sán títí di alẹ́. Owó ọkọ̀ òfuurufú ibẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé Ítálì kékeré kan wà ní nǹkan bí 100 máìlì sí Houston, ní ìlú Bryan, àti pé ìgbà ìkórè àjàrà ni oṣù Keje níbẹ̀. A fi ọmọ wa obìnrin sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan ní Alief, a sì gbéra.

Ojú Ọ̀nà

Agogo 6 àárọ̀ la kúrò nílé. Aya ló wa ọkọ̀ lọ, òun náà ló wà á bọ̀. Ẹ óò gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú. Ọ̀nà US 290 la gbà, a kọjá Cypress, a kọjá Waller, a sì dé Prairie View. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ orúkọ ibẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́kọ́ wá sí Texas ló kàwé ní yunifásítì náà. Ọdún 1876 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ adúláwọ̀. Orí ilẹ̀ oko ńlá kan tó ń jẹ́ Alta Vista, níbi tí àwọn ẹrú ti ro oko olówó rí, ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. A dín eré kù nígbà tí a ń kọjá, bí ẹni tó ń kí àgbàlagbà ní ojú ọ̀nà.

Ní Hempstead, tí a mọ̀ fún bàrà olómi, èyí tí gbogbo wa ń pè ní wọ́tàmẹ́lọ̀nù, a yà sí ọ̀nà Highway 6. Kò pẹ́ tí a fi dé Navasota. Níbẹ̀ la ti jẹun àárọ̀. Aya ti se mọ́ínmọ́ín ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ewé ni ó fi pọ́n ọn, kì í ṣe agolo. Ewé náà la rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní òpópónà Bissonnet. Ẹ̀kọ tútù wà, ata díndín wà, ẹja díndín náà wà. A tẹ́ aṣọ sílẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ kékeré kan tí ère olórin kan wà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Mance Lipscomb ni orúkọ olórin náà. Ẹ̀bá Navasota yìí ni wọ́n ti bí i ní 1895. Bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí ní ìpínlẹ̀ Alabama. Òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó jẹ́ pé bí ó bá kórè tán, onílẹ̀ a kó tirẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ti àgbẹ̀. Gìtá ni ó ń ta ní alẹ́ Sátidé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1960, nígbà tó ti tó ẹni ọdún 65, ni wọ́n tó gba ohùn rẹ̀ sórí àwo. Ó kú ní 1976. Ọkọ wo ère náà títí, ó ní, "Wọ́n kúkú gbẹ́ ère fún àgbẹ̀." Aya rò pé ó ń yin àwọn ará Navasota ni. Kò mọ̀ pé ohun mìíràn ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn Ará Sísílì Lẹ́bàá Odò Brazos

Kí a tó sọ ti wáìnì, ó yẹ kí a sọ bí Ítálì ṣe dé àárín Texas. Ilẹ̀ ẹ̀bá odò Brazos dúdú, ó lọ́ràá, òwú sì máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló kọ́kọ́ ro ó. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, ọdún 1865, wọ́n kéde òmìnira ní Galveston, èyí tí àwọn ará ibí ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ọdọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ni oko ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá òṣìṣẹ́ kiri. Ní ìparí ọ̀rúndún náà, àwọn àgbẹ̀ láti erékùṣù Sísílì bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí ẹkùn Bryan, láti Poggioreale, láti Corleone, láti Salaparuta. Òtòṣì ni púpọ̀ nínú wọn. Ilẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fẹ́ ni wọ́n rí rà, ilẹ̀ tí odò máa ń bò mọ́lẹ̀. Ní 1899, odò Brazos kún, ó sì gbá oko lọ. Síbẹ̀ wọn kò kúrò. Bí ẹnì kan bá ti rí ibi fìdí lé, a ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, àbúrò a ránṣẹ́ sí àna. Ṣé ẹ rí i pé ìtàn tiwa náà nìyẹn? Ta ni nínú wa ni kò ní ẹ̀gbọ́n kan tó gbà á sílé ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé Houston?

Ẹni tó bá sì rò pé ọtí àjàrà jẹ́ ohun àlejò ní Texas, irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀. Ní 1883, ọmọ Ítálì kan tó ń jẹ́ Frank Qualia dá ilé ìpọntí Val Verde sílẹ̀ ní Del Rio, ní ẹ̀bá ààlà Mexico. Ilé ìpọntí náà la àwọn ọdún tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de ọtí já, láti 1920 sí 1933. Ọkùnrin mìíràn tún wà, T. V. Munson, ní Denison. Nígbà tí kòkòrò kan ń jẹ gbòǹgbò àjàrà run ní ilẹ̀ Faransé, gbòǹgbò àjàrà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Texas, ni wọ́n lọ́ àjàrà wọn mọ́ kí ó lè yè. Ní 1888 ìjọba Faransé fi oyè dá Munson lọ́lá. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ẹni tó ń fi wáìnì Faransé ṣe fọ́ńté ní òde àríyá, ẹ rọra bi í bóyá ó mọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wá.

Ẹsẹ̀ Nínú Àjàrà

Ibi tí a lọ ni Messina Hof. Tọkọtaya kan, Paul àti Merrill Bonarrigo, ló dá a sílẹ̀ ní 1977. Ìdílé ọkọ ti Messina ní Sísílì wá. Ìdílé aya ti ìlú Hof ní Jámánì wá. Wọ́n so orúkọ ìlú méjèèjì pọ̀, wọ́n sì fi sọ ọgbà wọn. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí wo ilé méjì kí wọ́n tó sọ ọ́.

Àárọ̀ ni wọ́n ń kórè, kí oòrùn tó mú. Wọ́n máa ń jẹ́ kí àlejò bá wọn gé e. Wọ́n fún wa ní ọ̀bẹ kékeré àti garawa, wọ́n sì fi hàn wá bí a ṣe ń gbá ìdì àjàrà mú ní ìsàlẹ̀ kí a tó gé ọrùn rẹ̀. Àjàrà tó ń jẹ́ Lenoir ni wọ́n ń gbìn ní ẹkùn yìí. Ó dúdú, èso rẹ̀ sì kéré. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ni pé àìsàn kan wà tí kò jẹ́ kí àjàrà Yúróòpù gbé ní ẹkùn olóoru. Pierce ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Kòkòrò kan tó ń fa omi ara ewé ló ń gbé e láti igi kan sí òmíràn, á sì dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi títí igi yóò fi rọ. Lenoir a máa fara da á. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àjàrà Texas yòókù ń wá láti òkè ìwọ̀-oòrùn, ní agbègbè Lubbock, níbi tí ilẹ̀ ti ga tí atẹ́gùn sì gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ bọ́ bàtà. Wọ́n da àjàrà sínú àgbá tí wọ́n gé sí méjì, àwa méjèèjì sì wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin ará, a tẹ àjàrà! Ìfúntí tí a ń kà nínú Bíbélì láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni ẹsẹ̀ wa mọ ohun tí ó jẹ́. Ó tutù, ó ń yọ̀, èso sì ń bẹ́ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Aya rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyá òun àgbà a máa tẹ eyìn báyìí ní ebu epo, wọn a di ara wọn mú, wọn a máa kọrin, wọn a máa tẹ̀ ẹ́ nínú kòtò títí epo yóò fi léfòó. A wá di ara wa mú bẹ́ẹ̀. Orin epo ni aya kọ fún àjàrà. Àwọn òyìnbó tó wà nítòsí pàtẹ́wọ́, wọ́n bi wá bóyá orin Ítálì ni. A kò mọ ìgbà tí a ti di ara wa mú bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọtí Òyìnbó àti Ẹmu Wa

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mú wa yí ilé ìpọntí ká, tí wọ́n sì ṣe àlàyé. Ara èso àjàrà ni àwọ̀ pupa wà. Omi inú rẹ̀ kò pupa tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wáìnì pupa, wọn a jẹ́ kí omi àti èèpo jọ wà pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ funfun, wọn a tètè yà wọ́n. Ìwúkàrà ló ń ṣe iṣẹ́ yòókù: á jẹ ṣúgà inú omi àjàrà, á sọ ọ́ di ọtí, á sì máa tú afẹ́fẹ́ jáde tó ń mú un hó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń rọ òmíràn sínú àgbá igi óákù, kí ó lọ sùn fún oṣù púpọ̀.

Bí arákùnrin tó ń mú wa káàkiri ti ń sọ ọ́, ọkọ ń mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, ìbéèrè rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tó wá ṣeré. Ó ní, ṣé bí òjò bá rọ̀ lóru, adùn èso a máa dín? Arákùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, báwo ni wọ́n ṣe ń fọ àgbá kí ti àná má ba ti òní jẹ́? Arákùnrin náà dúró, ó wò ó, ó ní, "Ṣé ilé ìpọntí ni ìwọ náà ti wá?" Ọkọ rẹ́rìn-ín, kò fèsì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí tiwa ti rí, nítorí pé púpọ̀ nínú àwa tí a ń mu ẹmu kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a. Adẹ́mu a fi igbà kọ́ ara rẹ̀ mọ́ igi ọ̀pẹ, a gun ún dé òkè láàárín imọ̀ ẹlẹ́gùn-ún, a dá ojú rẹ̀ níbi òdòdó, a sì so agbè mọ́ ọn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń padà lọ. Omi tó ń kán náà dùn bí oyin, kò sì fi bẹ́ẹ̀ funfun. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti ti inú agbè ni í bọ́ sí i lára, kí ó tó di ọ̀sán ó ti ń yọ ìfòòfó. Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ti àárọ̀ dùn, ti ìrọ̀lẹ́ mú, tí ó bá fi di ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta, ó ti kan. Ẹmu ọjọ́ kan kì í sábà ju 5 nínú 100 lọ ní agbára ọtí. Wáìnì a máa tó 12 sí 14. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òyìnbó rí ọ̀nà dá ọtí tirẹ̀ dúró nínú ìgò, ó sì lẹ orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Tiwa kì í dúró, orúkọ ẹni tó dá a kì í sì í sí lára agbè.

Aya jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, kò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹmu kó má dárúkọ Amos Tutùọlá, ọmọ ìlú rẹ̀, tí wọ́n bí ní 1920, tí wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mùtí ẹlẹ́mu jáde ní London ní 1952. Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1963, gbogbo ilé sì mọ Ọ̀mùtí. Ẹ rántí pé adẹ́mu inú ìtàn náà já láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀mùtí sì wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ọkọ ní, "Gbogbo ayé mọ ọ̀mùtí. Ta ló mọ orúkọ ẹni tó já bọ́?"

Orí Tábìlì

Ní ọ̀sán, a jókòó sí ibi tí a ti lè máa wo ọgbà. Búrẹ́dì gbígbóná ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, pẹ̀lú òróró ólífì. Wàràkàṣì oríṣi mẹ́ta tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni pásítà tí wọ́n fi tòmátò àti ewé olóòórùn dídùn sè. Aya ní ọbẹ̀ náà dára ṣùgbọ́n ata rẹ̀ sálọ. Ó mú ata díndín jáde nínú àpò, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì bu díẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó ń lé wa. Kò sí agogo kankan tí a ń wò. A jẹun fún bíi wákàtí méjì, ohun tí a kò ṣe láti ọjọ́ tí a ti dé ilẹ̀ yìí.

Ọkọ tọ́ wáìnì Lenoir wò. Ó gbé e sẹ́nu, ó jẹ́ kó pẹ́, ó gbé e mì. Ó wo orúkọ tó wà lára ìgò, orúkọ ìlú bàbá àti orúkọ ìlú ìyá. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé, "Ìyàwó mi, ǹjẹ́ o rántí ẹmu tí ẹ mu níbi ìdána wa?"

Aya ní, "Ta ni yóò gbàgbé? Oṣù kan gbáko ni bàbá mi fi ń sọ̀rọ̀ ẹmu yẹn."

Ọkọ ní, "Bàbá mi ló dá a."

Aya rò pé eré ni. Nígbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tó jáde lórí tábìlì náà nìyí. Lẹ́bàá Òkìtìpupa ni ilé ọkọ wà. Adẹ́mu ni bàbá rẹ̀, ó sì ti ń gun ọ̀pẹ kí wọ́n tó bí ọkọ. Ẹmu ni wọ́n fi san owó ilé ìwé rẹ̀, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì. Ẹmu ni wọ́n fi ra ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ a máa pè é ní "ọmọ ẹlẹ́mu," wọn a sì máa fi imú gbóòórùn aṣọ rẹ̀. Nígbà tó di pé ó fẹ́ ọmọ tíṣà Abẹ́òkúta, ó bẹ bàbá rẹ̀ pé bí wọ́n bá bi í, kí ó sọ pé àgbẹ̀ lòun. Bàbá ní kò burú. Ní ọjọ́ ìdána, Bàbá gun ọ̀pẹ ní òru, ó gbé ẹmu náà sínú ọkọ̀, kò dé e pa kí ó má baà bẹ́, ó sì jókòó tì í láti Òkìtìpupa dé Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn àna bù ú sí ahá, wọ́n ní irú ẹmu wo nìyí, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn kí ẹni tó dá a. Bàbá wà níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní àwọn yóò bá wọn kí i.

Aya dákẹ́ títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé ẹ rò pé n kò ní fẹ́ yín ni?"

Ọkọ ní, "Ojú bàbá rẹ ni mo ń bẹ̀rù."

Aya ní, "Ti iṣẹ́ kọ́ ló ń dùn mí. Àgbàlagbà jókòó síbi tí wọ́n ti ń yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò lè yanu sọ pé òun ni, nítorí yín. Ọdún mẹ́fà sì rèé, mò ń pè wọ́n ní Bàbá lórí fóònù, n kò dúpẹ́ ẹmu yẹn rí."

Bí ọjọ́ ìgbádùn wa ṣe fẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Láti Bryan títí a fi kọjá Navasota, aya kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wakọ̀ ni. Ní Hempstead ó yà bàrá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń ta wọ́tàmẹ́lọ̀nù, ó ra ọ̀kan, ó ní kí wọ́n là á, ó sì fún ọkọ ní ìlàjì. A jẹ ẹ́ lórí ìdúró, omi rẹ̀ ń kán sí wa láyà. Ó wá ní, "A óò pe Bàbá ní alẹ́ òní. Èmi ni n óò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Bá Fẹ́ Lọ

Kí a tó sọ bí ó ṣe parí, ìmọ̀ràn díẹ̀. Ẹ tètè kúrò nílé, nítorí ooru. Ẹ mú omi púpọ̀, ẹ mú fìlà, ẹ sì wọ aṣọ tí ẹ kò ní ṣàárò rẹ̀ bí àjàrà bá ta sí i. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tó fi ọjọ́ orí yín hàn, nítorí pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò lè ra ọtí ní Texas. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí ẹ ti pinnu láti ilé ẹni tí yóò wa ọkọ̀, kí ẹni náà má sì fi ọtí kan ẹnu. Ìdí tí aya fi wa ọkọ̀ nìyẹn. Omi àti omi èso àjàrà ló mu. Òfin Texas kò gba kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ tó 0.08 nínú 100. Fún àwa tí a fi ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ wà níbí, ọ̀rọ̀ náà tún ju owó ìtanràn lọ: láti 2015, ìjọba Amẹ́ríkà lè fagi lé ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ẹni tí wọ́n bá mú pé ó mutí wakọ̀, kódà kí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi. Ọdún mẹ́rin ìwé kíkà kò yẹ kí ó bá ife kan lọ.

Ìmọ̀ràn kejì kò jẹ mọ́ ọtí. Ẹ wá ọjọ́ kan. Bí kò bá jẹ́ Bryan, kí ó jẹ́ etí òkun ní Galveston, tàbí abẹ́ igi kan ní Hermann Park, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín méjì. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú ẹnì kan fún ọdún mẹ́fà kò lè jáde lórí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ fíríìjì. Ó ń fẹ́ ìjókòó.

Agogo Mẹ́rin Ìdájí

Agogo 10 alẹ́ la pe Bàbá. Ní oṣù Keje, wákàtí mẹ́fà ni Nàìjíríà fi ṣáájú Houston, nítorí náà agogo 4 ìdájí ni lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ ní kí a jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, aya ní rárá. Fóònù kò dún lẹ́ẹ̀mejì tí Bàbá fi gbé e. Eékún kò jẹ́ kí wọ́n gun ọ̀pẹ mọ́ láti ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n agogo tí wọ́n ń jí lọ sídìí ọ̀pẹ ni wọ́n ṣì ń jí.

Wọ́n ní, "Ṣé kò sí o?"

Aya kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé Bàbá wà nínú yàrá. Ó ní, "Kò sí, Bàbá. Ẹ̀yin la fẹ́ kí. Ẹ kú iṣẹ́ ẹmu ìdána wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ẹni tó dá a ni."

Bàbá dákẹ́. A gbọ́ tí àkùkọ kọ lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pẹ́. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ wọn. Ọkọ gba fóònù, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì lè sọ ju "Bàbá, ẹ foríjì mí" lọ. Bàbá ní kí ó dìde, kí ó má jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé ọjọ́ kan yóò sọ ọ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá nípa àjàrà: ṣé igi rẹ̀ ga, ṣé ó lẹ́gùn-ún, ṣé òyìnbó ń fi igbà gùn ún? Nígbà tí a sọ fún wọn pé orí ìdúró ni wọ́n ti ń gé e, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, iṣẹ́ wọn rọrùn."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a bi Bàbá bóyá a lè kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, kí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbí lè kà á. Wọ́n ní kí a kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a má gbàgbé láti kọ ọ́ pé ẹmu náà ti kan díẹ̀ kí ó tó dé Abẹ́òkúta, pé ọ̀nà ló jìn, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó dá a.